Bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn tó wà ní agbègbè sọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ alágbára

Ọ̀nà tí ó gba Aramọ̀kọ̀ kọjá sí Ìtàwúrẹ́, tí ó sì gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kì í bo àṣírí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń rìn dáadáa láàrin ìgboro Adó-Èkìtì lè dé ìdajì òkè náà kí iná ọ́ìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tàbí kí ó páàkì ní Ẹ̀fọ̀n kí ọ́ìlì sì dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì yóò ti ní sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti bàjẹ́, pé kí a tú u. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan sọ́ǹpù náà.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn jù ni Mercedes-Benz 280 E ti ẹ̀yà W123, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1976, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sìlíńdà 6 pẹ̀lú kámúṣáàfù 2 (ọ̀pá tí ń ṣí àwọn fáàfù) lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ bá Peugeot 504 mu pẹ̀lú, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá 40 ọdún. Inú sọ́ǹpù ni ọ́ìlì ń padà sí lẹ́yìn tí ó bá ti yí ẹ́ńjìnnì ká. Ibẹ̀ náà ni ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì wà, tí asẹ́ bò ó lójú kí ìdọ̀tí má bàa wọlé. Nítorí pé òun ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ọ́ìlì tí ó bá jò láti òkè ni yóò ṣàn wá sí etí rẹ̀, tí yóò sì máa kán níbẹ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ti jò rí mọ̀ pé ibi tí omi ń kán sí nínú yàrá kọ́ ni páànù ti lu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi fúnra mi san owó gáskẹ́ẹ̀tì sọ́ǹpù, ohun tí a ń tẹ́ sí etí rẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa jò, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ìdérí kámúṣáàfù ni ọ́ìlì ti ń sọ̀kalẹ̀, tí ó ń gba ara blọ́ọ̀kì wálẹ̀ bí omi òjò tí ń gba ara àpáta.

Nítorí náà, fífọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi díẹ̀ ṣan án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kan ibi tí iná wà. Lẹ́yìn náà, ẹ bu àtíkè ọmọ ọwọ́, ẹ fẹ́ ẹ sí etí sọ́ǹpù, sí abẹ́ ìdérí kámúṣáàfù, sí àyíká fílítà àti sí iwájú ibi tí bẹ́líìtì ń yí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ó gun òkè díẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì padà wá wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ó ga jù lọ tí àtíkè ti di ẹrẹ̀ ni orísun, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà ni. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lóru pẹ̀lú, kí ẹ lè rí i bóyá iwájú ni ó ń kán sí tàbí ẹ̀yìn. Bí ó bá ń kán láti ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé, síìlì ẹ̀yìn kráńkì (ohun tí ń dí ọ́ìlì ní ẹ̀yìn ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí) ni kí a fura sí, gíábọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí a tó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ irú síìlì bẹ́ẹ̀. Títú sọ́ǹpù nìkan kò ní wò ó sàn.

Kí ẹ tó dá síìlì kankan lẹ́bi, ẹ yẹ ihò ìmí ẹ́ńjìnnì wò. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde máa ń dí pẹ̀lú èérí dúdú, afẹ́fẹ́ tí ríìngì, òrùka ara písítìnì, ti jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ kò ní ríbi gbà, yóò sì máa ti ọ́ìlì jáde láti gbogbo etí tí kò lágbára. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí ẹ sì ti ṣí rọ́bà náà tí ó mọ́, a jẹ́ pé ríìngì ni ó ti jẹ. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní pẹ́ lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Iná ọ́ìlì tí ń ṣẹ́jú lórí òkè tàbí ní ìyànà gígùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá géèjì yọ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Bí ọ́ìlì bá kéré, nígbà tí ọkọ̀ bá gbé imú sókè, gbogbo rẹ̀ yóò sá lọ sẹ́yìn, ẹnu pọ́ǹpù sì lè máa mu afẹ́fẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, kráńkì yóò máa nà án bí ẹni ń po ẹyin, yóò sì di ìfóófòó. Bí ó bá pé ìwọ̀n, ẹ wo ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù bóyá gálọ́ọ̀pù tàbí òkúta ti tẹ̀ ẹ́. Sọ́ǹpù tí ó tẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹnu asẹ́ pa, nígbà tí ó yẹ kí àlàfo bíi mílímítà 6 sí 10 wà láàrin wọn nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní ti W123, ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì tí ó wà níwájú awakọ̀ parí sí 3. Abẹ́rẹ́ náà lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ó sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ sáré lọ sí 3. Bí ó bá ń lọ́ra, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ má ṣe wà á délé.

Ọ́ìlì tí a bá dà jáde ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ó dà bí tíì oní-mílíìkì ti bá omi rédíétọ̀ pàdé: tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì lè ti jó, tàbí, nínú Peugeot 504 tí omi yí sílíìfù rẹ̀ (ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) ká, kí síìlì ìsàlẹ̀ sílíìfù ti rà. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tí ó sì ń rùn bí bẹntiróòlù, nínú 504 oníkábúrétọ̀ ó ṣeé ṣe kí awọ inú pọ́ǹpù epo ti ya. Ẹ má ṣe fi iná kankan sún mọ́ ọn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì yí inú ọ́ìlì náà ká. Èérún irin tí ó lẹ̀ mọ́ ọn wá láti ara nǹkan bíi ríìngì tàbí jíà. Èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó ń dán bíi fàdákà tàbí bàbà, wá láti ara mẹ́tàlì tí kráńkì ń yí lé, ẹ́ńjìnnì náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà àtinọ́ọ̀kì.

Bí ẹ bá wá rí i pé sọ́ǹpù gan-an ni ó jẹ̀bi, ẹ gbé ọkọ̀ sórí kòtò mẹkáníìkì tàbí sórí ìdúró irin. Jáàkì àti búlọ́ọ̀kù kò tó láti fi ẹ̀mí sí abẹ́ wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, irin ìsàlẹ̀ di sọ́ǹpù mọ́, a ó sì ní láti tú mọ́ńtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé kí a gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀. Sọ́ǹpù irin pẹlẹbẹ tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ti fún jù máa ń wọnú ní ibi bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé etí rẹ̀ lé igi líle, kí ẹ fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi tẹ́. Aluminíọ̀mù kì í tẹ̀, ó máa ń sán ni, wẹ́dà tí ó mọ aluminíọ̀mù dáadáa nìkan ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹ fọ asẹ́ pẹ̀lú. Mo ti rí èyí tí gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì ti dí ìdajì rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é rò pé bí gọ́ọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Ìlà tín-ínrín ní igun nìkan ni ó nílò, níbi tí irin méjì ti pàdé. Bí ìdè (ìlà yíyípo) nóòtì tí a ń ṣí da ọ́ìlì jáde bá ti jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìdè tuntun sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ wásà bàbà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ fi ọwọ́ di gbogbo bóòtù kí ẹ tó fi sípánà kan ọ̀kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ìkángun, lọ́tùn-ún lósì. Bóòtù mílímítà 6 kò nílò ju nǹkan bí 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù) lọ. Ẹ da ọ́ìlì sí i dé ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ wà á lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ sì padà, kí ẹ tún bu àtíkè sí etí sọ́ǹpù náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.