Transímítà FM kékeré nílé: ó ń kùn, kò jìnnà, ó ń gbóná, ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo to transímítà FM kan nílé, èyí tó ní PLL (ohun tó ń mú kó dúró ṣinṣin lójú nọ́ńbà kan), wọ́n ní 1 watt ni, iná 12 volt ló ń lò. Mo fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, rédíò sì gbé orin náà dáadáa, àmọ́ kùùùn kan wà lábẹ́ orin yẹn tí kì í lọ, kódà tí mo bá pa orin gan-an ó ṣì wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ṣájà tó ń gbé e yẹn kúrò, ẹ wá bátìrì 12 volt, ẹ fi gbé e, kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ. Tí kíkùn yẹn bá lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ṣájà ló jẹ̀bi, ẹ má wulẹ̀ tú bọ́ọ̀dù rárá. Àwọn ṣájà kéékèèké tó fúyẹ́ yẹn, ṣe ni wọ́n ń gé iná wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fóònù ò bìkítà, àmọ́ transímítà máa gbé gbogbo ìdọ̀tí yẹn sáfẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ orin. Ẹ lo èyí tó ní transfọ́mà wíwúwo, kẹ́ ẹ fi 7812 (ẹ̀yà kékeré tó ń mú iná dúró sí 12 volt) síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kàpásítọ̀ tó tóbi, kẹ́ ẹ sì rántí pé 7812 yìí ò lè yọ 12 jáde tó bá jẹ́ 12 náà lẹ fún un, iná tó ń wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bíi 14 àbọ̀ sí 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kíkùn yẹn á tún yọjú.

Tó bá jẹ́ pé bátìrì lẹ lò tó ṣì ń kùn, ẹ fa wáyà orin yọ. Tó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló ti ń wá. Ṣé fóònù yẹn wà lórí ṣájà nígbà tẹ́ ẹ ń lò ó? Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná. Àwọn ohun tí wọ́n fi wáyà so pọ̀, tí méjì nínú wọn tún ń gba iná láti ara ògiri, wọ́n á máa kó kíkùn ran ara wọn ni. Transfọ́mà kékeré tí wọ́n ṣe fún orin, tẹ́ ẹ bá fi í sáàárín fóònù àti transímítà, ó máa ń gé e mọ́lẹ̀.

Ìdí kẹta wà tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú: tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan wáyà orin tí ìró kíkùn yẹn bá yí padà, tàbí tẹ́ ẹ gbé ẹ́ríà jìnnà tó bá lọ, ohun tí ẹ́ríà ń tú jáde ló ń padà wọnú transímítà gba ojú wáyà orin. Ẹ ká wáyà orin yẹn mọ́ ara ferrite, òrùka dúdú tó ń dá ìgbì rédíò dúró, nígbà mélòó kan, ẹ gbé bọ́ọ̀dù sínú àpótí irin, ẹ má sì gbé ẹ́ríà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́. Mo rí àwọn tó ń gbé ẹ́ríà lé orí transímítà gan-an tí wọ́n á tún máa bú ẹni tó ṣe é.

Ìbéèrè: Tèmi ò kùn o, kò jìnnà ni. Tí n bá ti kọjá ilé kejì báyìí, ṣììì ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ ra amúgbòòrò 15 watt láti fi kún un, ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Kò dáa, fowó ẹ pa mọ́ ná. Watt kọ́ ló ń mú un jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lójú ibi tó mọ́ gbalaja tí nǹkan kan ò dí, kó o tó lè sọ ibi tó ń dé di ìlọ́po méjì, watt ẹ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, láàárín ilé àti ògiri gan-an kò tún ní tóyẹn. Àmọ́ tó o bá gbé ẹ́ríà kúrò lórí tábìlì lọ sókè, kó ga ju òrùlé lọ, wàá rí ìyàtọ̀ láì náwó lórí watt kankan.

Wo gígùn ẹ́ríà yẹn náà. Fi iye megahertz tó o wà pín 7125, ohun tó bá jáde ni gígùn ọ̀pá náà ní sẹ̀ǹtímítà. Tó bá jẹ́ 88 lo wà, bíi 81 ni. 98, kò tó 73. 107, bíi 66 àbọ̀. Ọ̀pá yẹn nìkan ò tó o, ó gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gùn tó o nísàlẹ̀, tí wọ́n so mọ́ wáyà apá ìta kébù, kí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fo nǹkan. Kó o sì nà án ró gangan, torí ẹ́ríà ọkọ̀ náà nàró, tó o bá fi tìẹ sùn gbalaja, o ti sọ èyí tó pọ̀ nù nìyẹn.

Kébù ń kọ́? 50 ohm ni wọ́n ṣe transímítà fún. Kébù tẹlifísọ̀n jẹ́ 75, ó lè gbà fún ohun kékeré, SWR ẹ̀ (ìwọ̀n bí agbára ṣe ń sá padà sẹ́yìn) máa wà ní nǹkan bíi 1.5, kò lè pa ohunkóhun. SWR 3 ló yẹ kó o bẹ̀rù, torí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó jáde ń sá padà wá bá transímítà.

Ọ̀rọ̀ 15 watt yẹn tún wá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún gbogbo yín, títí kan ẹni tó ní 1 watt lókè yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n gbà láìsí láísẹ́ńsì ò ju 250 microvolt fún mítà kan lọ ní ibi tó jìnnà tó mítà 3, kò ju bíi 60 mítà lọ tí rédíò á fi gbọ́ ọ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 50 nanowatt ni. 1 watt jẹ́ ìlọ́po ogún mílíọ̀nù ìyẹn! Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kó o mọ tìlú ẹ kó o tó tan nǹkan, tó o bá fẹ́ kó dé àdúgbò, lọ gba láísẹ́ńsì. Àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìṣòwò lè gba ti LPFM (rédíò FM alágbára kékeré) ní Amẹ́ríkà, 100 watt ni òpin ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdánwò lásán lo fẹ́ ṣe, dummy load ni kó o so mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ́ríà.

Ìbéèrè: Kí ni dummy load yẹn gan-an? Mo bi yín torí mo tan tèmi láìso ẹ́ríà, ó gbóná gan-an, látìgbà yẹn nọ́ńbà ń hàn lójú ẹ̀ àmọ́ kò dé ibì kankan mọ́.

Ìdáhùn: Háà. Ó ti jó nìyẹn, transísítọ̀ tó gbẹ̀yìn, èyí tó ń ti agbára jáde. PLL ṣì wà láàyè ló jẹ́ kó o máa rí nọ́ńbà. Wọn iye amp tó ń fà, tó bá kéré gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, transísítọ̀ yẹn ti lọ, pààrọ̀ ẹ̀, kó o sì fi irin tó ń fa ooru kúrò sẹ́yìn ẹ̀ dáadáa.

Dummy load ni resístọ̀ 50 ohm tó ń gba ohun tó yẹ kó lọ sí ẹ́ríà, tó sì ń sọ ọ́ di ooru. Resístọ̀ 100 ohm méjì tó o so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ti ṣe 50, tí kálukú wọn bá lè gba 1 watt, ó ti pọ̀ tó fún tìẹ tó bá jẹ́ 1 watt ni. Má lo èyí tí wọ́n fi wáyà wé nínú o, kọ́ìlì nìyẹn lójú FM.

Ìbéèrè: Mo ń gbọ́ ara mi níbi mẹ́ta lórí rédíò kan náà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ní tẹlifísọ̀n òun ń ṣe jágbajàgba.

Ìdáhùn: Gbé rédíò yẹn jìnnà ná, kó o bọ́ sí ìta. Tí rédíò bá sún mọ́ transímítà jù, ó máa ń mu àmuyó, á wá máa fi ẹ hàn níbi tó ò sí. Tó o bá lọ jìnnà tó di ibì kan ṣoṣo, kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́.

Àmọ́ ti tẹlifísọ̀n yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Transímítà tí kò ní fílítà tó ń dá àwọn ìgbì tó ń yọ lókè nọ́ńbà ẹ̀ dúró, tó bá wà ní 100, ó ń yọ jáde ní 200 náà, ibẹ̀ sì ni tẹlifísọ̀n VHF wà. Èyí tó tún burú ni pé láti 108 lọ sí 137, ọkọ̀ òfuurufú ló ni ibẹ̀. Pa á títí tó o fi máa rí fílítà sí i. Àwọn tó ń fi wáyà kan ṣoṣo sára Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré kan) láti fi ṣe FM náà wà nínú ìwà yìí, torí ohun tó ń jáde níbẹ̀ ò rọra yí gbirigbiri, igun mẹ́rin ló ní, 300 ń bá 100 jáde.

Ìbéèrè: Tí mo bá sún mọ́ tèmi, ó ń sún kúrò lójú nọ́ńbà. Transísítọ̀ kan àti kọ́ìlì ni.

Ìdáhùn: Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ara ẹ pẹ̀lú ooru ló ń yí i. Àpótí irin á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, PLL ló máa yanjú ẹ̀ pátápátá.

Ìbéèrè: Ohùn mi ń ya lórí rédíò, "s" ń gún etí. Stẹ́rió ni mo fi sí.

Ìdáhùn: Fólúmù fóònù ẹ ti pọ̀ jù, rọra dín in kù títí yíya yẹn á fi lọ. FM ò gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú nọ́ńbà ẹ̀ ju 75 kilohertz lọ sọ́tùn-ún àti sósì. Ti "s" yẹn, wá ibi tí wọ́n kọ pre-emphasis sí (bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè kó tó jáde): 75 microsecond ni ti Amẹ́ríkà, 50 ni ti Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ibòmíì, tó o bá fi 75 síbi tí rédíò ti ń retí 50, ohùn á máa gún etí. Yí i sí mónò náà, ọ̀rọ̀ lásán kúkú lò ń sọ, stẹ́rió á kàn máa kó ṣììì bá ẹ lójú ọ̀nà jíjìn ni.

Ìbéèrè: Mo yan 98.4, òfìfo ni, rédíò tó wà nílé gbọ́ ọ, ti inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ò rí i rárá.

Ìdáhùn: Ó jọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ti inú ọkọ̀ yẹn fún. 0.2, 0.2 ni wọ́n ń fò níbẹ̀, 98.3 ló máa bọ́ sí, lẹ́yìn náà 98.5, kò ní dúró lórí 98.4 láéláé. Gbọ́ méjèèjì lọ́sàn-án àti lálẹ́, èyí tó bá ṣófo nínú wọn ni kó o gbé tìẹ sí.