Lílúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní Oahu: orí ilẹ̀ niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ fún odidi wákàtí kan nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì lè wọ òkun kí ó rẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Adágún kò ní ìgbì, omi rẹ̀ kì í fa ènìyàn lọ síbì kankan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní iyùn, ohun mímú bí òkúta tó ń hù lábẹ́ òkun, tó ń gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ní Oahu, erékùṣù tí ìlú Honolulu wà lórí rẹ̀ ní Hawaii, àwọn tó ń wọ òkun lójoojúmọ́ kì í sáré bẹ́ sómi. Wọ́n á dúró lórí iyanrìn, wọ́n á wo omi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ́n á sì bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde léèrè bí inú ibẹ̀ ṣe rí. Ìgbì kì í dọ́gba. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ló ń wá. Omi lè pa rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ká tó ṣẹ́jú, ìgbì ńlá márùn-ún tàbí mẹ́fà á ti tẹ̀lé ara wọn dé. Ẹni tó wo omi nígbà tó rọ̀ nìkan, tó sì bẹ́ wọlé, ni wọ́n sábà máa ń fà jáde.

Ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹ fẹ́ lọ?

Òkun kì í dára yípo erékùṣù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, ìjì tó ń jà ní àríwá òkun Pàsífíìkì máa ń rán ìgbì sí etíkun àríwá, ìyẹn Waimea, Sunset àti agbègbè wọn. Ìgbì ibẹ̀ lè ga ju ilé alájà méjì lọ. Ẹ lọ máa wòran níbẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, Waimea kan náà á tòrò débi pé àwọn ọmọdé á máa ṣeré nínú rẹ̀. Ìhà gúúsù, níbi tí Waikiki àti Ala Moana wà, òdìkejì èyí ló ń ṣe: ó máa ń rọ̀ nígbà òtútù, tí ìgbì tirẹ̀ sì máa ń dé nígbà ooru, oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, láti apá ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí òtútù ti ń mú nígbà náà. Ìhà ìlà oòrùn, Kailua, Lanikai àti Waimanalo, ni afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ń kọjú sí tààrà, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó gbé omi sókè.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń tan àlejò jẹ ní Waikiki. Orí òkè ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń lọ sójú òkun, torí náà omi tó wà nítòsí iyanrìn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá sùn lórí báálù ìfẹ́léfò níbẹ̀, bó bá fi máa jí, ó ti jìnnà sí ilẹ̀.

Ohun kan tún wà nípa gíga ìgbì. Àwọn àgbà oníìgbì (àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì) ní Hawaii máa ń wọn ìgbì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe láti iwájú tó kọ sí wa. Tí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ múra sílẹ̀ de nǹkan bíi mẹ́fà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní tiwọn ń sọ ti iwájú. Ẹ máa bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé èwo ló ń wí.

Ibi tí àwa kì í rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ ni Sandy Beach. Ìgbì ibẹ̀ kì í fọ́ lókèèrè, orí iyanrìn gan-an ló ti ń fọ́, níbi tí omi kò ju orúnkún lọ. Ó máa ń fi orí gún ènìyàn mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣẹ́ lọ́rùn níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ala Moana

Ọgbà etíkun yìí wà láàárín ìlú, bọ́ọ̀sì sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Iyùn ló ṣe ògiri fún un lójú òkun, torí náà ìgbì ti fọ́ dànù kí ó tó dé inú. Omi tí ẹ ó wẹ̀ gùn tó kìlómítà 1 láti ìkángun kan dé èkejì, ó sì ń bá ilẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́, èyí tó fi hàn pé ìgbàkígbà tó bá rẹ̀ yín, ẹ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ dìde dúró. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì á lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 láti ìkángun dé ìkángun. Ẹ lọ síbẹ̀ títí ẹ ó fi lè lọ kí ẹ sì bọ̀ láìdúró, kí ẹ tó ronú kan òkun gbalasa.

Èyí tó kàn ni Kaimana, ní ìparí Waikiki, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ìrántí ogun tí wọ́n ṣí ní 1927, tí Duke Kahanamoku, akọni òmùwẹ̀ Hawaii, kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n ti ti adágún náà pa láti 1979, ṣùgbọ́n etí òkun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún fún ènìyàn láti ìdájí. Ọ̀nà omi kan la àárín iyùn kọjá níbẹ̀, àárín rẹ̀ ni kí ẹ gbà jáde. Tí ẹ bá yà kúrò níbẹ̀ nígbà tí omi òkun bá fà, ẹ ó bá ara yín lórí iyùn tí omi rẹ̀ kò tó àyà. Ojú ọgbẹ́ iyùn kì í tètè jinná, nítorí èérún rẹ̀ máa ń kù sínú ẹran ara. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ yọ èérún gbogbo, bó tilẹ̀ ń dùn yín.

Ohun tí ẹ ó mú dání kò pọ̀. Gógù omi tí kò jò, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ títàn (ọsàn tàbí àwọ̀ ewé tó ń tàn, búlúù kò hàn lójú òkun), àti báálù kékeré tí a ń so mọ́ ìbàdí. Báálù yẹn kì í fa ènìyàn sẹ́yìn, ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rí yín, ẹ sì lè dì í mú sinmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dirun gígùn, irun dídì máa ń mu omi, á wúwo, á sì máa fa ọrùn sẹ́yìn; fìlà ńlá tí wọ́n ṣe fún irun bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, ẹ ra onísílíkónì. Ní ti oòrùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kì í jó awọ dúdú. Aṣọ omi alápá gígùn ló dára jù. Ìpara oòrùn tó bá ní oxybenzone tàbí octinoxate kò ṣe é tà ní Hawaii láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2021, nítorí iyùn, torí náà ẹ má ru tilé dání. Èyí tó ní zinc oxide ni kí ẹ rà.

Nínú omi

Kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ òkun tí ẹ ó máa tẹ̀lé. Ẹ gbé ojú sókè ní gbogbo ìfapá mẹ́fà sí mẹ́jọ, kìkì ojú nìkan, kí ẹnu ṣì wà lómi, kí ẹ sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ láti mí. Tí ẹ bá gbé gbogbo orí sókè, ìdí á rì, agbára á sì lọ. Ohun gíga tí kò ní kúrò lójú kan ni kí ẹ máa wò, bí òkè Diamond Head tàbí òtẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ osùn tó dá yàtọ̀ ní Waikiki. Ẹ má fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àmì. Ó lè ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ìhà tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí omi lè gbé yín padà nígbà tó bá rẹ̀ yín. Láti mọ ìhà ibẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ wo ìhà tí iyanrìn tàbí báálù yín ń sún lọ.

Tí omi bá ń fà yín lọ sójú òkun, òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Omi bẹ́ẹ̀ kì í fa ènìyàn rì, ó kàn ń gbé e lọ ni. Ìjàkadì ló ń pa ènìyàn. Ẹ léfòó, ẹ mí, ẹ na ọwọ́ kan sókè sí ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ bá etí ilẹ̀ rìn, títí ẹ ó fi dé ibi tí ìgbì funfun ti ń fọ́, torí ibẹ̀ ni omi ti ń padà sílẹ̀. Àmì ibi tí omi ti ń fà ni ọ̀nà tóóró tí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, tí ó dà bíi pé ó rọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò máa ń yàn láti wọlé.

Ọ̀rọ̀ jẹ́lífíṣì, ẹ̀dá òkun rírọ̀ tó ń ta ènìyàn, kò le. Ẹ wo òṣùpá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 10 lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, jẹ́lífíṣì onígun mẹ́rin máa ń wá yé sí etíkun gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn: Waikiki, Ala Moana, Hanauma. Ó mọ́ gaara bí omi, ẹ ò ní rí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á ti gbé pátákó síta. Ẹ yàgò fún omi títí wọn yóò fi lọ. Ní ìhà ìlà oòrùn, aláwọ̀ búlúù oníbáálù ni afẹ́fẹ́ ń gbé wá. Tí ẹ bá rí i lórí iyanrìn, òmíràn wà lómi. Bó bá ta yín, ẹ jáde, ẹ da fínígà sí i, ẹ fi nǹkan ṣa okùn rẹ̀ kúrò láìfi ọwọ́ lásán kàn án, lẹ́yìn náà ẹ fi omi gbígbóná tí kò bó ara (bíi 45°C) sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Fínígà ń dá oró tí kò tíì jáde dúró. Omi gbígbóná ló ń mú ìrora rọ̀. Ẹ má fi iyanrìn ra á, ẹ má sì tọ̀ sí i, ìtàn lásán ni. Tí èémí bá ń há, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá, tí omi bá ti pọ́n, ẹ dúró títí yóò fi mọ́. Ẹ̀gbin ojú títì àti ti Ala Wai, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn Waikiki, ló ń gbé wá, ẹja ekurá sì máa ń fẹ́ràn omi àìmọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí kan náà ni kì í fi í ṣe é wẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú tàbí ìrọ̀lẹ́ ní ẹnu odò.

Ìjàpá òkun á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ fún un. Síìlì (ẹranko ńlá inú òkun) tó bá sùn lórí iyanrìn kò ṣàìsàn, ó ń sinmi ni: mítà 15, tó bá jẹ́ abiyamọ, 45. Kì í ṣe eré. Ní 2022, síìlì tó ń tọ́mọ ní Kaimana ṣe òmùwẹ̀ kan léṣe.

Bí a ṣe ń bá ará etíkun gbé

Àwọn tí ẹ ń bá pàdé ní ìdájí ni ẹ̀ṣọ́ yín gidi, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun kì í sábà wà lórí iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ kí wọn kí ẹ tó bi wọ́n léèrè. Àgbàlagbà ni Àǹtí tàbí Áńkù, bí kò tilẹ̀ bá yín tan. Ẹ ti mọ ìyẹn láti ilé. Ẹ sọ fún ẹnì kan ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó padà, kí ẹ sì rí i pé ẹ padà wá sọ pé ẹ ti dé. Ẹni tó bá jáde lómi láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó bá mọ́tò rẹ̀ lọ, ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wá òkú kiri.

Tí wọ́n bá júwe ọ̀nà, “makai” ni ìhà òkun, “mauka” ni ìhà òkè. Gbogbo etí òkun ní Hawaii jẹ́ ti gbogbo ènìyàn títí dé ibi tí ìgbì gíga ń dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró tó gba àárín ilé kọjá ní Lanikai kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ má fi nǹkan iyebíye sínú mọ́tò. Omi ìfọra tó wà níta, ẹ yára lò ó, láìfi ọṣẹ sí i. Ọtí kò bófin mu nínú ọgbà ìjọba ìlú. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó bá ń bọ̀, ẹ yà fún un, kò lè dúró. Ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀.

Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, àwọn ẹbí á gbé irin ìsunran àti tábìlì wá sábẹ́ igi. Tí wọ́n bá pè yín jẹun, ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo nígbà kejì. Èso tàbí oúnjẹ tẹ́ ẹ sè ti tó. Tí ẹ bá wọ ilé wọn, ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn olódòdó tí wọ́n bá fi kọ́ yín lọ́rùn, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì bọ́ ọ níwájú ẹni tó fún yín.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí agbo ènìyàn lórí pátákó ìgbì àti ọkọ̀ lójú òkun, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Òkú ni wọ́n ń ṣe ìdágbére fún. Ẹ má gba àárín wọn kọjá, ẹ lọ yípo. Bí wọ́n bá pè yín mọ́ wọn, ẹ gba ẹ̀ṣọ́ ọrùn olódòdó tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ fa okùn inú rẹ̀ yọ kí ẹ tó da òdòdó sómi, nítorí ìjàpá máa ń gbé okùn bẹ́ẹ̀ mì. Okùn náà, ẹ dì í mọ́ àpò yín padà wálé.

Ẹni tó bá ti lè lọ kìlómítà 3 láìdúró lè forúkọ sílẹ̀ fún Waikiki Roughwater Swim, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tó máa ń wáyé ní àsìkò ìsinmi òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Kaimana ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á jáde kọjá iyùn, wọ́n á sì wọlé sí etíkun Duke Kahanamoku, nǹkan bíi kìlómítà 3.8. Ẹ fi jẹ́lì sójú èjìká àti abẹ́ apá kí omi iyọ̀ má bàa bó o. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà ìgbéra tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n ta yín nípàá lójú. Tí ẹsẹ̀ bá há yín lójú òkun, ẹ dojú sókè, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ lè rí yín.