Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe lórí ọjà gbàǹjo íntánẹ́ẹ̀tì

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mò ń tún ṣe ní Lagere, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí. Kò sí sáà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọlé tí ẹnì kan kò ní gbé páálí wọ ìsọ̀ mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, kò tàn." Níbo lo ti rà á? Orí eBay, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹni tó bá dá iye tó ga jù ti ń gba ọjà gbàǹjo. Mo ti mọ ohun tó kù. Ìyàwó mi ní mo fẹ́ràn ẹjọ́ wíwí ju títún nǹkan ṣe lọ, ó sì ṣeé ṣe. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì o. Owó tí ẹ ń fi ṣòfò ló ń bí mi nínú.

1. Ẹ ń wo fọ́tò, ẹ kì í ka àlàyé. Tí wọ́n bá kọ "for parts or not working", wọ́n ti sọ fún yín pé ọjà ti kú. Ẹni tó tà á kò purọ́. "Box only" náà nìyẹn: páálí òfìfo ni wọ́n ń tà.

2. Ẹ ń bá ènìyàn jà lórí iye. Ẹ kọ iye tó ga jù tí ẹ lè san sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. eBay fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún yín bí ẹlòmíràn bá ṣe ń gbé e sókè, kò sì ní kọjá iye yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa! Ọ̀kan jókòó tì mí ní ìsọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi dọ́là márùn-ún márùn-ún kún un torí pé ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ṣáà ń gba iwájú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n kì í tilẹ̀ dá sí i títí yóò fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gbàǹjo parí. Nígbà tó jẹ ẹ́, ó fò sókè. Mo bi í pé: "Kí lo jẹ, gbèsè?" Iye tó san ju ti ìgboro lọ, kò sì tíì sanwó ẹrù.

3. Ẹni tó bá ní kí ẹ kúrò lórí eBay, kí ẹ wá fi gift card sanwó, ẹ sá fún un.

Èyí tó kàn yìí, mi ò fún un ní nọ́ńbà, torí òun gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ontajà Amẹ́ríkà kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, nítorí náà àdírẹ́sì ejẹ́ǹtì là ń lò: á gbà á lọ́hùn-ún, á kó o wá sí Èkó. Kò burú. Ṣé ẹ wá ti ka àdéhùn tí eBay ń pè ní Money Back Guarantee? Tí ọjà kò bá rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, ẹ fẹjọ́ sùn láàárín ọjọ́ 30 tó bá dé, ẹ ó gba owó yín. Ó dùn. Àmọ́ ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé tí ọjà bá ti dé àdírẹ́sì tí ẹ kọ, tí wọ́n tún gbé e lọ síbòmíràn, ààbò yẹn ti tán. Tí ẹrù yín bá ti gbéra lọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì, ẹ̀yin nìkan lẹ kù.

Ọmọbìnrin kan gbé MacBook, kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple, wá. Ó ń dán, kò ní ìlà kan lára. A tàn án: àwòrán àgádágodo yọ, ó ń béèrè Apple ID ẹni tí a kò mọ̀ rí. Activation Lock nìyẹn, àgádágodo tí Apple fi so ẹ̀rọ mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni í. Ó ní kí n ṣáà bá òun já a. Mo ní àbúrò, ẹni tó ni í ló lè ṣí i. Ontajà kò dá a lóhùn mọ́.

Kí ejẹ́ǹtì ṣí páálí lọ́hùn-ún, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ̀tàn bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fẹjọ́ sùn kí ẹrù tó gbéra. Wọ́n á gba owó díẹ̀. Ẹ san án! Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá, tó wá ń ṣahun owó fídíò, kí ló ń wá lọ́dọ̀ mi? Ejẹ́ǹtì tó bá ní àwọn kì í ṣí ẹrù, ẹ wá òmíràn.

4, àbí 5: iná Amẹ́ríkà 120V ni, tiwa 230V. Ṣájà kọ̀ǹpútà kì í sábà ní wàhálà, 100–240V ló máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn blẹ́ńdà àti anpilifáyà. Òórùn èéfín ọ̀kan ṣì wà lára kọ́tìnnì mi.

Ẹ má sì kàn wo pé àwọn oníbàárà yin ontajà dé 100%, ẹ wo ohun tó ti tà. Ẹni tó ti ń ta sítíkà látọjọ́ yìí, tó wá kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ló ti rí i?

Tí ẹ bá ti rà á kí ẹ tó ka èyí, ẹ gbé e wá, mo wà ní ìsọ̀ títí di alẹ́. Owó àyẹ̀wò ń bẹ, ẹ má sì bá mi ná an.