Bí Ẹgbẹ́ Ọdẹ Ṣe Lè Gbèjà Ìbọn Tó Níwèé Àṣẹ

Bí wọ́n bá pè yín sórí rédíò tàbí sípàdé ìlú lórí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ìpànìyàn, ẹ má fi "àṣà baba wa ni" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ kò ní gbọ́ ìyẹn. Inú òfin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ya ìbọn tí ẹ ń gbèjà sọ́tọ̀ gedegbe.

Òfin ìbọn ti 1959 pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ jẹ́ èèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fúnni láṣẹ: arọ̀jò-ọta, bọ́ǹbù, ìbọn ológun tí ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 7.62mm, gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ìkejì ni ìbọn afẹ́fẹ́, ìbọn ìdẹ̀gbẹ́, àti shotgun (ìbọn tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde) tí kò ní ẹ̀rọ ìkiọta kankan. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ni àṣẹ wọn. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu.

Kòtò méjì wà níbí. Pump-action, ìbọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa apá kan rẹ̀ kó lè ki ọta mìíràn, tí àwọn olówó fẹ́ràn, wà lára èèwọ̀. Ẹ má gbèjà rẹ̀. Ìléwọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ náà wà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹlẹ́tù. Ẹni tó bá ní "ìbọn ìbílẹ̀ kò lẹ́bi" ti kó ara rẹ̀ lé alátakò lọ́wọ́.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ yẹ ìwé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò: orúkọ, ọjọ́ tí àṣẹ máa parí, nọ́ńbà ara ìbọn àti ti inú ìwé. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ìbọn mìíràn ni lójú òfin.

Bí wọ́n bá ní ẹnikẹ́ni ló lè gbàṣẹ, ẹ ka ẹni tí òfin ní kí wọ́n má fún: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tójú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ wá béèrè pé kí wọ́n lò ó bó ṣe wà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìbọn tí wọ́n jí, tàbí tí ọmọdé rí mú. Ẹ má jiyàn. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ìbọn wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ọta àti ẹ̀tù wà níbòmíràn. Ṣakabùlà tí wọ́n ti ki kò yàtọ̀ sí òfìfo lójú, ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń wá. Nígbà tí inú rẹ̀ bá ṣófo, ẹ ti ọ̀pá ìkibọn wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fàlà sára ọ̀pá náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá tún ti ọ̀pá náà wọ̀ ọ́, bí ìlà yẹn bá yọ síta, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó ń ta iná sí ẹ̀tù kí ẹ tó wọn ún, ẹ má sì gbé ojú sí ẹnu rẹ̀. Inú igbó, sínú ilẹ̀ rírọ̀, ni kí ẹ ti yìn ín tán kí ẹ tó wọlé.

Wọ́n lè mẹ́nu ba ìkọlù tí àwọn apànìyàn ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀, June 5, 2022. Ẹ má sọ pé ṣakabùlà ì bá dá wọn dúró: ẹyọ kan ló ń yìn kí wọ́n tó tún un ki, bẹ́ẹ̀ ìbọn olóró àti bọ́ǹbù ni àwọn apànìyàn yẹn gbé wá. Ẹ sọ pé gbígba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ tó níwèé kò dí ọ̀nà tí irú ìbọn yẹn ń gbà wọlé. Oko tó jìnnà sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ̀yà tó ń ba ire oko jẹ́ ni ẹjọ́ tiyín.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń fọ́nnu pé òun á yìnbọn fún olè tó ń sá lọ, ẹ má jẹ́ kó di gbohùngbohùn mú.