Bí A Ṣe Ń Kọ Ojú Ọjọ́ Ìgbà Ọyẹ́ Sílẹ̀ ní Òṣogbo

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa kọ ojú ọjọ́ ìgbà ọyẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá, kí ó sì máa bá a lọ títí òjò yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí a fi rúlà pín ti tó. Tẹmọ́mítà ni ó gba owó. Ẹ ra irú èyí tí ó ń pa ooru tí ó ga jù lọ àti èyí tí ó kéré jù lọ mọ́. Ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sókè ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí páànù àti ògiri tí oòrùn ń pa.

Ẹ máa kà á ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́. Iye tí ó kéré jù lọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti ìdájí, ni kí ẹ kọ sí ọjọ́ òní; èyí tí ó ga jù lọ, ọ̀sán àná ni ó ni ín. Ibí yìí gan-an ni àkọsílẹ̀ ti sábà máa ń dàrú.

Ní ti eruku, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti Sàhárà, ẹ yan òpó tàbí ilé gíga mélòó kan tí ẹ mọ bí wọ́n ti jìnnà tó, kí ẹ sì kọ èyí tí ó jìnnà jù lọ tí ẹ ṣì rí.

Àkókò oòrùn tí ó wà lórí fóònù, ìṣirò ni. Nígbà tí eruku bá nípọn, oòrùn lè ti yọ tipẹ́ kí a tó rí i, nítorí náà ẹ kọ àkókò méjèèjì, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn bí ó tilẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, tí ọ̀sán kúrú jù lọ, oòrùn ń yọ ní Òṣogbo ní nǹkan bí aago 6:50, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, ìparí oṣù Kìíní ni ó ń pẹ́ yọ jù lọ, ní nǹkan bí aago méje kọjá díẹ̀, nítorí pé ìgbà tí oòrùn ń dé àtàrí ti sún síwájú nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ kò tètè mọ́ nínú oṣù Kìíní kò purọ́.

Òṣùpá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ yọ sí i lójoojúmọ́. Àrànmọ́jú ń yọ bí oòrùn ti ń wọ̀. Oṣù tuntun, ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ ti wá a ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí ìpẹ́yọ yìí, ọjọ́ kan máa ń wà nínú oṣù tí òṣùpá kò ní yọ láti ọ̀gànjọ́ dé ọ̀gànjọ́. Ẹ fa ìlà síbẹ̀, ẹ má ṣe kọ òdo.