Bí a ṣe ń se ṣàkì àti ìfun ẹran tí kò fi ní rùn

Ẹni tó bá ń yínmú sí ìfun ẹran ní Iléṣà kò tíì jẹ èyí tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Ṣàkì tí a rà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà ni kí a rì sínú omi gbígbóná, kí a sì fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ títí yóò fi funfun. Ìfun ní tirẹ̀, ńṣe ni kí a yí inú rẹ̀ síta, kí a fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ léraléra, nítorí ibẹ̀ gan-an ni òórùn tí ń lé àwọn ènìyàn sá ti ń wá. Ṣàkì yi, òun ni kí ó kọ́kọ́ wà lórí iná. Ẹ̀dọ̀ kì í pẹ́ jinná, ìgbẹ̀yìn ni tirẹ̀. Èmi kì í fi fùkù sí tèmi. Ata àti irú ló kù, kí iyán sì ti wà nílẹ̀.