Olú Kò Léyín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Gbígbin Olú Sínú Iyẹ̀ Pákó

Olú kò lẹ́nu, kò léyín. Ẹ́ńsáìmù ló kọ́kọ́ ń tú sórí igi. Ìyẹn á sọ igi di ṣúgà, olú á wá fà á mu. Pleurotus, olú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn sínú ọ̀rá tí wọ́n rọ iyẹ̀ pákó kún, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Àwa tí à ń gbìn ín la sábà máa ń dí i lọ́wọ́.

Omi ló ń bà á jẹ́ jù. Má po iyẹ̀ pákó bí ẹ̀kọ. Lígínì ló mú igi le, òun ló sì wé mọ́ sẹ́lúlóòsì tí olú fẹ́ jẹ. Lákéèsì, ọ̀kan nínú ẹ́ńsáìmù tí olú fi ń tú lígínì, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ omi tó bá kún inú ọ̀rá ti lé atẹ́gùn jáde. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un. Bó bá kán ní ẹyọ méjì-mẹ́ta, ó tó. Bó bá ń ṣàn, sá a díẹ̀ sí i.

Pákó tí wọ́n ti kun lóògùn ikán ńkọ́? Má ṣe mú iyẹ̀ rẹ̀ délé rárá.

Bí o bá ń po èérí ìrẹsì mọ́ iyẹ̀ pákó, má rò pé púpọ̀ rẹ̀ ló ń mú olú púpọ̀ wá. Kó má kọjá ìdá 20 nínú 100, torí Trichoderma, ebu aláwọ̀ ewé nì, fẹ́ràn oúnjẹ ọ̀fẹ́. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, Trichoderma reesei, ni wọ́n bá lára àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹrà ní erékùṣù Solomon nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ni àwọn iléeṣẹ́ ń lò títí dòní láti ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń sọ sẹ́lúlóòsì di ṣúgà. Ṣé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ kí olú rẹ bá du oúnjẹ? Fi ooru omi se ọ̀rá náà nínú àgbá fún wákàtí 6 sí 8, kí ebu tó wà níbẹ̀ kú.

Lẹ́yìn náà, ní sùúrù. Mo ti kánjú rí: mo fọwọ́ kan ara ọ̀rá, ó tutù, mo bá fi irúgbìn sí i. Àṣé àárín rẹ̀ ṣì ń jó. Gbogbo irúgbìn mi ló jinná. Kí àárín rẹ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30°C kí o tó fi irúgbìn sí i.

Bí o bá sì ti kórè lẹ́ẹ̀kan, má tíì da ọ̀rá náà nù. Oúnjẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Fún un lómi díẹ̀, kí o padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.